Ife Tíì Orí Dáyágírámù

Títí di òní, tí mo bá rí àmì ife tíì lórí tábìlì, inú máa ń bí mi sí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ àtúnṣe tẹlifísàn ní Kawo, lápá àríwá. Ilé iṣẹ́ aṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ló kógbá wọlé tí mo fi lọ bá a, èmi abiyamọ ọlọ́mọ méjì.

Bí tẹlifísàn kan bá kú, ọ̀gá á tẹ́ dáyágírámù rẹ̀ sílẹ̀, ìwé tó fi báírò ya gbogbo ọ̀nà tí iná ń gbà nínú bóòdù sí. Á wá gbé ife tíì gbígbóná lé igun tí iná ti ń wọlé. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro sì sábà máa ń wà. Èmi á máa fi mítà wọn iná níbi tí kò ṣe nǹkan kan títí ọrùn á fi máa ro mí.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí abẹ́ ife yẹn."

"Haba, Ìyá Tólú! Sùúrù la fi ń kọ́ṣẹ́. Tó o bá mọ̀ ọ́n tán lónìí, ṣé wàá tún wá lọ́la?"

Á mu tíì díẹ̀, á dá ife padà síbi tó wà.

Nígbà tí ọ̀gá kú, ìyàwó rẹ̀ kó àwọn dáyágírámù náà fún mi. "Ó ní ìwọ ni kí n kó wọn fún, pé o ní sùúrù."

Mo sunkún délé. Mo tẹ́ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíì ti ba igun yẹn jẹ́ lára gbogbo wọn, bébà ibẹ̀ ti jẹrà.

Àwọn èèyàn ní ọ̀gá mi fi ogún sílẹ̀ fún mi. Òótọ́ ni. Gbogbo ibi tí kì í bàjẹ́ ló wà níbẹ̀ pérépéré.