Òkúta Inú Ègé Bísísà Dahbiya

Ní àdúgbò wa ní Tozeur, ìlú ọ̀pẹ dàbínù lẹ́bàá aṣálẹ̀, bí obìnrin bá fẹ́ ṣe bísísà, kì í dá a ṣe. Yóò da ọkà báálì àti ẹ̀wà wẹ́wẹ́ sínú àwo pẹrẹsẹ, àwọn obìnrin ilé tó yí i ká yóò wá jókòó tì í, wọn yóò máa ṣa òkúta kúrò, wọn yóò máa mu tíì, wọn yóò sì máa sọ̀rọ̀ àwọn tí kò wá. Bí ó bá yan án tán, tí ó sì lọ̀ ọ́ kúnná, yóò bu ìyẹ̀fun náà ní abọ́ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí wọn. Kò sí ẹni tó ṣòfin rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a.

Dahbiya mọ èyí dáadáa. Iṣẹ́ ọ̀pẹ dàbínù gígùn ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ìyá rẹ̀ a sì máa di bísísà sínú aṣọ fún ọkọ rẹ̀ láràárọ̀, nítorí pé ẹni tó bá jẹ ẹ̀kúnwọ́ kan lè wà lórí ọ̀pẹ títí di ọ̀sán kí ebi tó pa á. Nígbà tí Dahbiya wọ iléèwé, ìyá rẹ̀ di tirẹ̀ náà fún un. Ẹ̀yìn ògiri ló ti máa ń jẹ ẹ́, kí àwọn ọmọ tó ń jẹ búrẹ́dì má baà rí i. Ó dàgbà, ó fẹ́ Lazhar tó ń pín lẹ́tà, ó bí ọmọbìnrin kan, ó sì fi ọgbọ̀n ọdún rán aṣọ iléèwé. A kò yìn ín rí fún ohunkóhun ju pé ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ máa ń tọ́ lọ.

Yosra ọmọ rẹ̀ ló yí ọ̀rọ̀ padà. Eré ìje inú iyanrìn ni ọmọ náà fẹ́ràn, ìpápánu gbọọrọ tí wọ́n fi bébà dídán wé ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń jẹ lójú ọ̀nà kí agbára wọn má baà tán.

“Màmá, ìpápánu wọ̀nyí, bí ẹni ń jẹ ẹfun ni,” ó wí lọ́jọ́ kan. “Ẹ bá mi po bísísà mọ́ dàbínù, kí ó le, kí n lè gé e bíi tiwọn.”

“Kí ìwọ náà máa wá jẹ oúnjẹ àwọn tó ń gun ọ̀pẹ níwájú èèyàn?”

“Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń gun ọ̀pẹ tó ṣubú nítorí ebi rí? Ẹ ṣáà pò ó.”

Dahbiya yọ kóró inú dàbínù, ó gún un títí ó fi rọ̀, ó da ìyẹ̀fun àti òróró ólífì díẹ̀ sí i, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú páànù. Lọ́jọ́ kejì tí ó ti le, ó fi ọ̀bẹ gé e ní ègé tó gùn tó ìka, ó sì fi bébà wé wọn. Kí ọdún tó yí po, àwọn sárésáré ti ń wá a wá láti ìlú mìíràn. Nígbà tó yá, Ọ̀gbẹ́ni Wajdi, akọ̀wé eré ìje ńlá náà, wá sílé rẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún ègé ló fẹ́.

“Orúkọ yín nìkan ni a ó tẹ̀ sára bébà rẹ̀,” ó wí.

Ọ̀rọ̀ “nìkan” yẹn wọ Dahbiya lára. Nígbà tí Gamra, ìyá àgbà tí ilé wọn kọjú síra, bi í pé, “Dahbiya, ọjọ́ wo la ń bọ̀ wá ṣa ọkà?”, ó dáhùn pé, “Ìyá, n kò ní ṣe é lọ́dún yìí. Ọwọ́ ń dùn mí.”

“Pẹ̀lẹ́ o. Òróró gbígbóná ni kí o fi pa á.”

Nígbà tó di ọ̀sán, Gamra fi òróró gbígbóná ránṣẹ́ sí i nínú abọ́ kékeré. Dahbiya gbé e sórí fèrèsé, kò sì fọwọ́ kàn án.

Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì dá ṣa ọkà fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì; ṣe ló kàn ń mi àwo ẹ̀wà náà síhìn-ín sọ́hùn-ún tó sì ń dà á sínú ìkòkò. Ó ti fèrèsé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yan án. Ṣùgbọ́n èéfín ni ìwà, ta ló lè fi pamọ́? Òórùn ọkà yíyan gba gbogbo òpópónà wa kan. Kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ eré ìje, Nizar, ọmọ Gamra, wà lára àwọn tó ń sáré. Ó gé ègé bísísà kan jẹ lójú ọ̀nà, ó ṣe kòńgẹ́ òkúta, eyín iwájú rẹ̀ sì kán. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí ó lọ tọrọ ìyàwó.

“Ìyá, ẹ má sunkún,” ó wí nígbà tó délé. “Mo lè mu tíì báyìí láì lanu.”

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Wajdi wá bá wa níbi tí a jókòó sí lábẹ́ òjìji ilé Gamra. Dahbiya dúró sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Wajdi tú òkúta kékeré kan nínú bébà.

“Ta ló ṣa ọkà yìí? Ẹ jẹ́ kí n mọ̀, kí n tó sọ pé ká má ra oúnjẹ àdúgbò yìí mọ́.”

Gamra gba òkúta náà, ó gbé e súnmọ́ ojú.

“Èmi ni. Ojú àgbà ni, ẹ má bínú.”

Nizar yíjú sí ìyá rẹ̀ kíákíá. Ìyá rẹ̀ fi ojú pa á lẹ́nu mọ́.

“Bí ojú yín kò bá ríran mọ́, Ìyá, kí ló gbé yín dé ìdí oúnjẹ? Ẹ ti ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́!” Wajdi wí.

“A ti gbọ́, ọmọ mi.”

Wajdi ti rìn dé orí òpópónà kí Dahbiya tó sáré tẹ̀ lé e, láì wọ bàtà.

“Ẹ dúró! Ìyá yẹn kò fọwọ́ kan ọkà kankan. Èmi ni mo tilẹ̀kùn mọ́ wọn, nítorí orúkọ tí ẹ fẹ́ tẹ̀.”

Wajdi wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kún fún eruku, ó sì mí kanlẹ̀. “Ibi tí mo ti bú wọn ni kí ẹ ti sọ ọ́. Mo ń bá yín padà.”

Dahbiya padà, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo wa, ojú rẹ̀ nílẹ̀. Wajdi dọ̀bálẹ̀ fún Gamra. Salha, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin àdúgbò, tí kì í kó ẹnu rẹ̀ níjàánu, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Ọwọ́ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Ó ti san?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Gamra kò rẹ́rìn-ín.

“Ìyá, ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀,” Dahbiya wí.

“Ọwọ́ tó ń dunni kì í yan ọkà.”

“Kí ló dé tí ẹ fi gbà á sórí ara yín?”

“Ojú rẹ ni mo wò. Ó dà bí ìgbà tí o máa ń jẹun lẹ́yìn ògiri iléèwé, tí o rò pé n kò rí ọ.”

Ìgbà yẹn ni Dahbiya tó sunkún.

Wọn kò ra bísísà rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ti ń rà á báyìí, kò sì sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára bébà. Iwájú ilé Gamra ni Dahbiya ń gbé àwo lọ, pẹ̀lú awò ojú rẹ̀, òun ló sì máa ń tún gbogbo ọkà yẹ̀ wò kẹ́yìn. Nizar ti gbéyàwó. Ó ti fi eyín mìíràn sí i, ó funfun ju àwọn yòókù lọ, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín sí wa bó bá ń kọjá. Àwa a dá a lóhùn. Dahbiya a tẹrí sínú àwo, a máa ṣa ibi tó ti ṣà tẹ́lẹ̀.