Má-dà-á-nù àti Ọmọrí Kànga Màmá

Orúkọ tí Màmá sọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ tán. Má-dà-á-nù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, òun náà sì ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀. Tí ọṣẹ bá kù fẹ́lẹ́, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ tuntun. Ìṣó tó bá tẹ̀, yóò fi òòlù lù ú títí yóò fi nà. Èmi tí mo ń ránṣọ nílé Màmá, kì í jẹ́ kí n kó àjákù aṣọ dànù. Ó ní a kì í mọ ohun tí ọ̀la máa bí. Ohun tí ọ̀la bí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni ọmọ eku. Ọdún kan péré ló fi jù mí lọ, ẹ má retí pé kí n máa pè é ní “wọn”.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa di ẹnu rọ́bà mú níbi ẹ̀rọ tó ń ti kọnkéré gba inú páìpù lọ sókè ilé. Kọnkéré kì í dédé gba inú páìpù gbígbẹ kọjá. Wọ́n á kọ́kọ́ po ẹ̀tù kẹ́míkà kan mọ́ omi, wọ́n á rọ ọ́ ṣíwájú, kí inú páìpù lè máa yọ̀ bí ilẹ̀ tí wọ́n da omi ọṣẹ sí. Ohun tó bá kọ́kọ́ tẹnu rọ́bà jáde, tí kẹ́míkà yẹn ti pò mọ́ sìmẹ́ǹtì rẹ̀, òfin sáìtì ni pé kí wọ́n dà á nù.

Ẹ wá sọ fún Má-dà-á-nù pé kó da nǹkan nù. Ó ń dùn ún wọra. Ó ní àkọ́jáde yẹn kúnná, kò ní òkúta nínú, ó dára ju èyí tí wọ́n fi ń kọ́lé lọ, pé ìnákúnàá àwọn olówó lásán ni. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí. Lọ́dún tó kọjá ló tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, ó fi ọmọlanke gbé e wálé, ó tẹ́ wáyà mélòó kan tó ti dógùn-ún sínú rẹ̀, ó sì fi da ọmọrí bo kànga àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Kànga náà jìn. Tí èèyàn bá ju òkúta sínú rẹ̀, yóò ti máa rò pé kò nísàlẹ̀ kó tó gbọ́ ìró omi.

Ọmọrí náà rẹwà, n kò ní purọ́. Màmá sọ ọ́ di ibi ìfọṣọ wọn. Wọ́n á gbé bàsíà olómi sórí rẹ̀, wọ́n á gbé àpótí wọn sórí rẹ̀, Màmá tí Ọlọ́run fún lára dáadáa á sì wá jókòó lé e. Gbogbo àlejò ni wọ́n ń fi hàn pé ọmọ àwọn ló ṣe é. Ọmọ tó ń ránṣọ sí wọn lọ́rùn, wọn kì í fi aṣọ tirẹ̀ han ẹnikẹ́ni.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé irú àkọ́jáde bẹ́ẹ̀ ṣèèṣì wọ inú òpó kan ní sáìtì. Nígbà tí wọ́n tú pákó ara òpó náà, ó ń dán, ẹ̀gbọ́n mi sì ń yìn ín. Ẹnjiníà wọn, obìnrin kan tí kì í pariwo, ní kí wọ́n wó o. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀. Obìnrin náà gba òòlù, ó lu òpó náà lẹ́ẹ̀kan, òpó sì rún bíi bisikíìtì.

“Torí kí páìpù lè yọ̀ ni wọ́n ṣe ṣe kẹ́míkà yẹn,” ó sọ fún un. “Kì í jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì di ara wọn mú. Ojú ẹ̀ nìkan ló ń le.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò gbọ́ èyí tó sọ tẹ̀lé e. Ó rántí pé Sátidé ni, pé Màmá ń fọṣọ lọ́wọ́.

Iwájú ilé ni mo wà, mo ń gé aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà kan, nígbà tó sáré dé pẹ̀lú bàtà sáìtì lẹ́sẹ̀. Kò kí mi. Ó ti aṣọ oníbàárà sínú ẹrẹ̀, ó gbé tábìlì mi lé èjìká, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìnkùlé. Inú bí mi gan-an. Mo tẹ̀lé e pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, mo ti to èébú sẹ́nu.

Èébú náà ò jáde. Ó dúró létí kànga, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bíi ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde.”

Màmá bi í pé ta ló ń lé e. Ó dojú tábìlì bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó fi la orí kànga kọjá láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, ó ní kí wọ́n fi orúnkún rá gorí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń rá, wọ́n ń kùn, wọ́n ní ìwà wo lèyí fún àgbàlagbà. Bí ẹsẹ̀ wọn ṣe kan ilẹ̀, wọ́n ní kó lọ gbé bàsíà àwọn wá. Ó gbé búlọ́ọ̀kù kan dípò bàsíà, ó sì jù ú lu ọmọrí kànga.

Ọmọrí náà ò tiẹ̀ pariwo. Ó kàn là lábẹ́ bàsíà. Bàsíà lọ, aṣọ lọ, àpótí lọ, tábìlì mi náà yẹ̀ létí ihò, ó lọ. Ó pẹ́ kí a tó gbọ́ omi nísàlẹ̀. Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ mi. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rù lè ba èèyàn tó bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Ẹ̀gbọ́n mi dì mọ́ ẹsẹ̀ Màmá, ó ń sunkún, ó ń sọ pé òun ò mọ̀. Màmá ń wo ihò náà.

“Ó ti ń dún láti bí ọjọ́ mélòó kan,” wọ́n ní. “Mo máa ń gbọ́ ọ lábẹ́ mi.”

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ.

“Iṣẹ́ ọmọ mi ni,” ni Màmá wí. “Mo ṣáà ń sún àpótí mi síbi tí kò ti ń dún.”