Ẹ̀gbọ́n Tó Dúró fún Wa

Ẹ̀yìn ni ọkọ mi fi balẹ̀ níbi iṣẹ́. Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Romeoville, ní Amẹ́ríkà níbí, ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, òun ló ń to páálí jọ kí ọkọ̀ àjàgbé tó wá kó wọn. Yìnyín ti dì sí ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ń fẹ̀yìn gbà wọlé, ó tẹ̀ ẹ́, ó yọ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì gbé e dìde. Ó ní kò sí nǹkan kan. Ó parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, ó wa mọ́tò rẹ̀ padà sí West Ridge níbi tí à ń gbé, àmọ́ nígbà tó délé, kò lè jáde nínú mọ́tò mọ́. Èmi àti ọkùnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ wa la fà á jáde.

Kì í ṣe ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló gbà á síṣẹ́. Àwọn alágbàtà tó ń wá òṣìṣẹ́ fún wọn ló fi í síbẹ̀, wọ́n sì ní níwọ̀n ìgbà tí kò ti fi tó ẹnikẹ́ni létí lọ́jọ́ náà, àwọn ò lè mọ̀ bóyá ibẹ̀ ló ti fara pa. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni èmi ń ṣe. Mo máa ń lọ bá wọn nínú ilé wọn, màá wẹ̀ wọ́n, màá se oúnjẹ fún wọn, màá rí i pé wọ́n lo oògùn wọn. Ìyá àgbà tí mo ń lọ bá jù kú ní ìgbà òtútù yẹn kan náà. Mo sunkún rẹ̀ tọkàntọkàn, nítorí èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n mo tún sunkún wákàtí iṣẹ́ mi tó bá a lọ.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Àwọn ọmọ wa méjèèjì máa ń jẹun ọ̀sán nílé ìwé, ìyẹn bá wa gbé díẹ̀. Nílé, ìrẹsì funfun la ń jẹ pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tí mo ti fi omi là, tàbí ẹ̀wà. Ọkọ mi ní òun fẹ́ máa gba ààwẹ̀ ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, bí Ànábì ṣe máa ń gbà á. Inú mi dùn sí i. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó ṣàkíyèsí pé ó ti fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun kún un, lẹ́yìn náà Ọjọ́rú.

Ní Nàìjíríà, akáǹtì ló ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. A jọ kàwé ní pólì ni, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ "o" fún un, àfi bí ẹbí rẹ̀ bá wà nítòsí ni mo máa ń sọ "ẹ". Kò sí ohun tó kórìíra bíi kó nawọ́ sí èèyàn. Nítorí náà, nígbà tí obìnrin kan tí a jọ ń kírun ní mọ́sálásí fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ní kí a lọ béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ ìjọba, mi ò tètè sọ ọ́ fún un. Obìnrin náà ní òun náà ti gbà á rí, pé kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ó ní ibì kan wà lórí kọ̀ǹpútà tí èèyàn lè kọ́kọ́ lọ wò, tí yóò bá a fojú díwọ̀n ohun tí wọ́n lè máa fún un lóṣooṣù, kó tó ṣe wàhálà ìwé kankan.

Nígbà tí mo wá sọ ọ́ fún ọkọ mi, ó ní òun á kàn sìn mí lọ. Ilé ìkàwé àdúgbò la ti ṣe é, ní Sátidé kan, àwọn ọmọ wà lápá ibi tí wọ́n to ìwé ọmọdé sí. Ọkọ mi jókòó tì mí bí ẹni tó wá bá mi ṣọ́ báàgì. Kọ̀ǹpútà béèrè iye wa nínú ilé, ohun tó ń wọlé, owó ilé, owó gáàsì tí a fi ń lé òtútù. Mo ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo ṣe àṣìṣe níbi owó ilé, ó rọra gbé ọwọ́ mi kúrò, ó tún un ṣe, àtìgbà náà lọ òun ló ń tẹ̀ ẹ́, bí ìgbà tó wà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Iye tó jáde ju ohun tí a rò lọ. Ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ kó lè dá a lójú, iye kan náà ló tún jáde. Ó ní a máa lè ra ẹja. Mo ní àwọn ọmọ á máa mu wàrà láìjẹ́ pé mò ń wọ̀n ọ́n fún wọn. Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ṣubú.

A fi ìwé ránṣẹ́ kí a tó kúrò níbẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí obìnrin kan fi pè mí láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó owó oúnjẹ náà. Ohùn rẹ̀ tutù, sùúrù ló fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere títí ó fi béèrè pé ta ló fọwọ́ sí ìwé tí a fi wọ Amẹ́ríkà.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, Homewood ni wọ́n ń gbé. Àwọn ló kọ̀wé pé kí ìjọba jẹ́ kí àbúrò àwọn wá, a sì retí ìwé náà títí tí ewú fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí ọkọ mi. Kí wọ́n tó jẹ́ ká wọlé, ẹ̀gbọ́n ní láti ṣe onídùúró wa, kí wọ́n fọwọ́ sí i pé a ò ní di ẹrù sí ìjọba lọ́rùn. Obìnrin orí fóònù wá ṣàlàyé fún mi pé títí a ó fi di ọmọ ilẹ̀ yìí, tàbí tí a ó fi ṣiṣẹ́ níbí pẹ́ gan-an, wọn yóò máa ka owó ẹni tó dúró fún wa mọ́ tiwa. Ó ní kí a fi ìwé owó oṣù wọn ránṣẹ́. Mo ní a kì í gbé ilé wọn, wọn kì í sì í bọ́ wa. Ó ní òun gbọ́ mi, ṣùgbọ́n bí òfin ṣe wà nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé kò béèrè ẹni tó mú wa wá lọ́wọ́ wa.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, ó ní, "Má dé ọ̀dọ̀ àǹtí mi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí."

Mo sọ fún un pé mo máa lọ, pé mi ò ní yọ́ lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ó yí ojú sí ògiri, ó ní ẹ̀yìn ló ń dun òun.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti àárín ìlú lọ sí Homewood. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ṣílẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀, wọ́n sì fà mí dìde kíá, wọ́n ní símẹ́ǹtì yẹn ti tutù jù fún orúnkún. Inú wọn dùn láti rí mi. Wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹran ewúrẹ́ síwájú mi, mo sì jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo rí i tí wọ́n ń wo ọwọ́ mi. Kí n tó lanu sọ ohunkóhun, wọ́n ti mọ̀ pé nǹkan ò dáa nílé wa.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi títí dé òpin, wọn ò já lu ọ̀rọ̀ mi.

"Ìyàwó," wọ́n ní, "mo fọwọ́ sí ìwé yẹn kí n lè rí àbúrò mi. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á sọ pé owó mi ni owó yín."

Mo ní ìwé owó oṣù nìkan ni wọ́n fẹ́ rí.

"Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á ní mo lè bọ́ yín, ẹ ò ní rí nǹkan kan gbà. Bí ẹ bá sì rí i gbà, wọ́n lè ní kí n wá san án padà. Ta ló máa bá mi san án?"

Wọ́n ní ẹnì kan níbi iṣẹ́ àwọn sọ pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹbí òun, àwọn ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Èmi náà ò mọ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ ilé tí àwọn ṣì ń san owó rẹ̀, ọmọ àwọn tó wà ní yunifásítì, ọkọ àwọn tó ti kọ àwọn sílẹ̀ lọ, ilé ìwòsàn tó ti ń dá àwọn nọ́ọ̀sì kan dúró. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń sọ ọ́, kò sí ìbínú nínú ohùn wọn, ìyẹn ló tiẹ̀ ká mi lára jù. Ká ní wọ́n bínú ni, èmi náà ì bá rí ààyè bínú.

Wọ́n di iṣu, ìrẹsì àti ẹran láti inú fíríísà sínú báàgì fún mi, wọ́n sì fi mọ́tò gbé mi lọ sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ ọkọ mi.

Ó wo báàgì náà nígbà tí mo wọlé. Ó béèrè bóyá wọ́n fún mi ní ìwé, mo ní rárá. Ó ní kí n se iṣu náà fún àwọn ọmọ.

Mo pe obìnrin ọ́fíìsì padà, mo ṣí fóònù sílẹ̀ kí ọkọ mi lè máa gbọ́. Obìnrin náà ní ọ̀nà méjì ló kù. Bí a bá fi hàn pé a ò ní ohun tí a ó jẹ, tí ẹni tó dúró fún wa kò sì fún wa ní ohun tó tó, wọ́n lè fi tiwa nìkan wò wá, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ fi orúkọ wa àti orúkọ ẹni náà ránṣẹ́ sí Washington. Bí a ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí a yọ ara wa kúrò, kí a gbà á fún àwọn ọmọ nìkan, nítorí wọn kì í fi owó onídùúró ṣe ìdíwọ́ fún ọmọdé. Mo béèrè ohun tí wọ́n máa ń fi orúkọ náà ṣe ní Washington. Ó ní òun ò mọ̀.

Ọkọ mi ló dá a lóhùn, ní Gẹ̀ẹ́sì, pé fún àwọn ọmọ nìkan. Nígbà tí mo pa fóònù, ó ní, "Orúkọ àǹtí mi ò ní ti ẹnu mi dé ibi kankan."

Káàdì tí ìjọba máa ń fi owó oúnjẹ sínú rẹ̀ dé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kéré gan-an sí èyí tí a rí ní ilé ìkàwé. Mo fi ra wàrà, ẹyin, búrẹ́dì àti ẹsẹ̀ adìyẹ. Láti ọjọ́ náà, ọkọ mi kì í fọwọ́ kan oúnjẹ tó bá ti inú káàdì wá. Ó ní ti àwọn ọmọ ni, pé ìwé tí a fọwọ́ sí nìyẹn. Mo bá a jà lórí ẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Bí mo bá gbé ẹyin síwájú rẹ̀, yóò béèrè owó tí mo fi rà á. Ààwẹ̀ wá gba gbogbo ọ̀sẹ̀. Ọmọbìnrin wa máa ń béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Mummy, ṣé Daddy tún ń fast?" Màá ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbà tí a lọ sí kílíníìkì nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ni dókítà ṣàkíyèsí bó ṣe rù. Ó béèrè bóyá ó ń jẹun dáadáa. Ọkọ mi ní ààwẹ̀ lòun ń gbà, pé ẹ̀sìn òun ni. Dókítà mi orí, ó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

"Kì í ṣe ẹ̀sìn," mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kí dókítà lè gbọ́ ọ. "Ebi ni."

Ọkọ mi wo ilẹ̀. Dókítà sọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n mi ò rò pé èyíkéyìí nínú wa gbọ́ ọ. Nínú bọ́ọ̀sì, ó fi àyè kan sílẹ̀ láàárín èmi àti òun. A délé, mo din ẹyin, mo gbé e síwájú rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ láì wojú mi. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹun, àmọ́ a kì í sọ ọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ mọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ parí á dìde.

Ẹ̀gbọ́n pè mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ àwọn wọnú ìwé. Mo ní rárá, ọkọ mi ló kọ̀. Wọ́n ní Alhamdulillah. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan mìíràn, wọ́n sì ní ó dàbọ̀. Pípè wá ń dínkù láti ọ̀dọ̀ wọn. Ọkọ mi ní tirẹ̀ kì í pè wọ́n. Kò sọ pé òun bínú. Ó kàn ń sọ pé ojú ń ti òun.

Nígbà tí mo rí arúgbó mìíràn tọ́jú, tí owó tó ń wọlé sì pọ̀ sí i díẹ̀, ọ́fíìsì gé ti inú káàdì kù. Ọkọ mi ti ríṣẹ́ ìjókòó nísinsìnyí, ní ẹnu ọ̀nà ibi ìgbọ́kọ̀sí kan láàárín ìlú. Ẹ̀yìn ṣì ń dùn ún.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá ọkọ mi, tó jẹ́ ìyá ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú, kú nílé ní Nàìjíríà. Ará ilé ló pè wá, wọ́n sì pe Homewood lọ́tọ̀. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n á wá, tàbí kí ọkọ mi lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi ṣe àlùwàlá, ó kírun òkú láti òkèèrè fún ìyá rẹ̀ nínú pálọ̀ wa, èmi àti àwọn ọmọ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo pe ẹ̀gbọ́n fúnra mi, mo kí wọn kú ara fẹ́ra kù, mo sì na fóònù sí i. Ó gbà á. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n ṣàdúà fún ìyá wọn, gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n sọ ni wọ́n sọ, bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́ nílé òkú. Ó dá fóònù padà fún mi, ó sì lọ múra iṣẹ́.