Oyèlọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Kukuo

Oyèlọlá ti lé ní ọgọ́ta ọdún kó tó mọ ibòmíràn yàtọ̀ sí Ṣakí. Gààrí ló ń tà níbẹ̀. Àwọn Hausa tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní èdè wọn díẹ̀. Akínlẹ́yẹ, ọmọ rẹ̀, ń ránṣọ ní Tamale, nílẹ̀ Ghana. Nígbà tí ìyàwó Akínlẹ́yẹ bímọ, ìyá wọkọ̀, ó wá wẹ ọmọ.

Oṣù kan gbáko, Akínlẹ́yẹ kò jẹ́ kó dá jáde kúrò nílé wọn ní àdúgbò Gurugu.

"Màámi, ẹ ò mọ ìlú."

"Ṣé adìẹ tí o so mọ́lẹ̀ ni mí?"

Nígbà tó yá, ó rẹ Akínlẹ́yẹ. "Ó dáa, ẹ lọ lónìí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọnù, ó parí nìyẹn. Ẹ ò ní dá jáde mọ́ títí ẹ ó fi padà sí Ṣakí."

Ìyá lọ sí Tishigu, ó ra òrí tí yóò fi pa ọmọ lára. Ó wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta padà, òun àti bàbá kan tó gbé àpò iṣu. Bàbá bá oníkẹ̀kẹ́ sọ Dagbani, èdè ìlú náà, ìyá kò gbọ́. Ni kẹ̀kẹ́ bá yà. Kì í ṣe ọ̀nà tó gbà wá nìyẹn.

Nílé wa, bí ọkọ̀ bá yà sọ́nà tí o kò mọ̀, o kì í dúró bèèrè, ńṣe lo máa bẹ́ kí gbọ́mọgbọ́mọ má baà gbé ọ lọ. Bí kẹ̀kẹ́ ṣe rọra nídìí kòtò kan, Oyèlọlá bẹ́ sílẹ̀, ó kígbe olè. Òrí kù sínú kẹ̀kẹ́.

Kukuo ló wà, kò mọ̀. Fóònù rẹ̀ kò ní káàdì Ghana. Kò dúró sójú títì kó máa wò káàkiri. Ẹni tó bá ń wò bẹ́ẹ̀, olè á mọ̀ pé àlejò ni. Ẹni tó jókòó sójú kan tajà ló wá, nítorí gbogbo àdúgbò ló mọ ilé irú wọn. Obìnrin kan ń dín kóósé, àkàrà tiwa náà ni. Oyèlọlá bẹ̀rẹ̀, ó fi Hausa kí i. Ó kí iṣẹ́, ó kí ilé, ó kí ọmọ, kó tó sọ ohun tó ṣe é. Obìnrin náà, Rahama, fún un ní àpótí, ó bu omi fún un.

Kò tíì mu omi tán tí kẹ̀kẹ́ fi dé. Oníkẹ̀kẹ́ gbé òrí dání, ó fi Hausa pariwo.

"Màmá, iṣu bàbá yẹn ni mo fẹ́ sọ̀ kí n tó gbé yín dé Gurugu. Ẹ wá pè mí lólè!"

Rahama bú sẹ́rìn-ín. "Ìkrìmà, olè? Ìwọ tó ń sá fún ìyàwó rẹ?"

"Ọmọ mi, má bínú," ni Oyèlọlá wí. "Ọmọ ta ni ọ́? Níbo ni ìyá rẹ ń gbé?"

Ìkrìmà sọ gbogbo rẹ̀. Ìgbà náà ni ìyá tó wọ kẹ̀kẹ́, Rahama sì di kóósé gbígbóná fún un.

Akínlẹ́yẹ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Màámi, ẹ pẹ́. Ṣé ẹ sọnù ni?"

"Èmi? Mo yà kí àwọn èèyàn mi ní Kukuo ni. Gba kóósé."

Akínlẹ́yẹ wo Ìkrìmà. Ìkrìmà ń wo táyà.

"Lọ́la ńkọ́, Màámi?"

"Ìkrìmà ń bọ̀ wá gbé mi láago mẹ́sàn-án. Ó ti sọ ọ̀nà tí yóò gbà fún mi."