Ọ̀pọ̀lọ́ Etí Aṣọ

Èmi ni mo ya àwòrán náà. Mo fẹ́ kí ìyẹn kọ́kọ́ wà nílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ mi, nítorí pé títí di òní, n kò tíì fẹnu ara mi sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Ìjẹ̀bú-Òde, àyàfi ẹnì kan ṣoṣo, òun náà sì ti mọ̀ kí n tó yanu.

Ọkùnrin méjì ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú àwòrán yẹn, ìtagbè kan ṣoṣo, aṣọ èjìká àwọn olóyè, ló bo àwọn méjèèjì. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò bọ́ra sílẹ̀, wọn ò fọwọ́ kan ara wọn. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ kéékèèké tò sí etí aṣọ náà, bí àwọn obìnrin tó ń hun aṣọ olónà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣe máa ń tò wọ́n. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ya irú rẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí ìyá ìyá mi ṣe ń hun aṣọ lórí òfì rẹ̀. Ọ̀kan máa ń gbà mí tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ibì kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo ń kó wọn sí, tí kò ní orúkọ mi, tí kò ní ojú mi. Kò sẹ́ni tó lè wọ ibẹ̀ àfi bí ẹnì kan tó ti wà níbẹ̀ bá dúró fún un. A ò tó ọgọ́ta. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wa, àdéhùn wa ò sì ju ẹyọ kan lọ: àwòrán ò gbọdọ̀ jáde. Mo kàwé gboyè nínú iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń jẹ́ ayàwòrán. Nígboro, ẹni tó ń bá wọn ṣe kàlẹ́ńdà ni mí.

Ẹnì kan nínú wa ló mú un jáde. Mi ò mọ ẹni náà. Mo kọ ìnagijẹ gbogbo wọn sínú ìwé, mo ń fa ìlà sórí ẹni tí ọkàn mi bá dá láre. Ó ku mọ́kànlá.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mo wà nílé ìtẹ̀wé tí mo máa ń bá ṣiṣẹ́, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ àwọn oníbàárà, mò ń tún kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀ ti regberegbe kan ṣe. Regberegbe ni ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí kì í tẹ kàlẹ́ńdà tirẹ̀ lọ́dọọdún. Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí gbogbo wa wá wo ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi lójú. Àwòrán mi ni.

Wọ́n fi ohùn ọkùnrin kan tẹ̀ lé e. Ó ní ọmọ Ìjẹ̀bú ló yà á, aṣọ náà ti fi hàn, pé kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀ kí àwọn lọ bá a nílé. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń kéde ìpàdé àdúgbò. Ìpẹ̀lẹ́ yẹn ló kó mi láyà jẹ jù. Òfin ti wà tó lè gbé mi sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lọ báni nílé kì í dúró de òfin.

"Ẹni tó ya èyí mọṣẹ́ o," ni ọ̀gá wí. "Orí ẹ̀ ló kàn dàrú. Hómò tó mọ aṣọ hun." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ka ẹ̀rín yẹn mọ́ àwọn ohun tí wọ́n ṣe mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo rín in.

Orí ẹ̀rín yẹn ni akọ̀wé regberegbe tó ni kàlẹ́ńdà náà bá wa. Ìyá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni, ó wá yẹ iṣẹ́ wò kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá fi fóònù hàn án. Ó gbé gíláàsì rẹ̀ sójú, ó wo fóònù náà dáadáa, lẹ́yìn náà ló yíjú sí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú mi. Ìgbà yẹn ni èmi náà rí ohun tó ń wò. Etí kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ wọn, ọ̀pọ̀lọ́ ni mo tò yí i ká. Ọ̀pọ̀lọ́ kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àṣìṣe mi. Ọ̀pọ̀lọ́ tí àwọn tó kù ń hun, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ máa ń nà jáde. Ti ìyá ìyá mi, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá òsì ká wọ abẹ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ tèmi ṣe rí. Mo pa orúkọ mi mọ́, mo pa ojú mi mọ́, mo ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé kọ̀ǹpútà mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àmọ́ kò wá sí mi lọ́kàn pé àwọn àgbà kan ṣì wà nílùú yìí tí wọ́n ń ka etí aṣọ bí ìgbà tí èèyàn ń ka lẹ́tà.

Ọ̀gá bi í léèrè, "Mà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ aṣọ, ilé ta ni wọ́n ti ń hun irú ọ̀pọ̀lọ́ yìí?"

Ó ní, "Ọ̀pọ̀lọ́ ni ọ̀pọ̀lọ́." Ó ní mo ṣi oyè akápò wọn kọ, kí n tún un kọ. Kó tó jáde ló ní kí n gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi wá sílé òun lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, òun ní àtúnṣe míì tí òun fẹ́ ṣe.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ni níléèwé kan ní Ayépé. Òun ló jókòó fún mi tí mo fi ya ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjì náà. Ó ti rí i. Ó béèrè bóyá ojú òun hàn. Mo ní n kò ya ojú rẹ̀ rárá.

"Èjìká mi ńkọ́?"

Mo ní kò sẹ́ni tó mọ èjìká èèyàn. Ó ní ohun tí èmi náà rò nípa ọ̀pọ̀lọ́ nìyẹn. Ó ní kí n má pe òun mọ́ fúngbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà, ó sì dùn mí wọnú egungun. Ọ́fíìsì wo ni èèyàn ti ń fẹjọ́ irú ìyẹn sùn?

Nígbà tí mo dé ilé ìyá náà, lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Imuṣin, ó ti tẹ́ ògbólógbòó aṣọ kan sórí àga. Kò ní kí n jókòó. Ó fi ìka tọ́ka sí etí rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá òsì ká wọ abẹ́.

"Ìyá ìyá rẹ ló hun èyí fún ìyá mi. Ta ló kọ́ ọ?"

Mo ní, "Àwọn ni, mà."

"Àwọn ló kọ́ ọ ní ọ̀pọ̀lọ́. Ta ló kọ́ ọ ní èyí tó kù?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mà. Bí mo ṣe wà nìyẹn."

Ó ní kí n ṣí kọ̀ǹpútà, òun fẹ́ rí i dáadáa, ti orí fóònù kéré jù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣi ọ̀rọ̀ ìwọlé tẹ̀. Nígbà tó wò ó tán, ó ní òwú tó máa ń yọ sókè lára ìtagbè nípọn jù báyẹn lọ, pé mo sáré ṣe é. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó torí ẹ̀ pè mí.

"Yọ ọ̀pọ̀lọ́ yẹn kúrò lára kàlẹ́ńdà wa. Èmi ò ní sọ. Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ ni ojú mi ṣì ríran nílùú yìí."

Mo ní, "Mà, ara iṣẹ́ ìlú lẹ ní kí n ti yọ ọ́, kì í ṣe ara ìkejì, àwòrán ìkọ̀kọ̀ mi."

"Bí mo bá ní kí o má ya ìkejì mọ́, ṣé o ò ní yà á?"

"Màá yà á, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Ó ń ká aṣọ rẹ̀. "Kàlẹ́ńdà ti ọdún yìí tó ti wà lára ògiri gbogbo ilé ńkọ́?"

Mo ní mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe sí ìyẹn. Ó ní òun ti já tòun wálẹ̀.

Mi ò dúpẹ́. Ó yẹ kí n dúpẹ́, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ọ̀pọ̀lọ́ yẹn nìkan ni ohun tí mo ń ṣe ní gbangba tó jẹ́ tèmi, ẹni tó ṣàánú mi náà ló ní kí n fọwọ́ ara mi pa á rẹ́. Mo padà sílé ìtẹ̀wé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi ìlà lásán dípò wọn.

Ọ̀gá wá dúró lẹ́yìn mi, ó ní kí ló dé. Mo ní àṣẹ akọ̀wé ni.

"Ó mà ṣe o," ló wí. "Ọ̀pọ̀lọ́ yẹn ni mo fi máa ń mọ iṣẹ́ ẹ."

Mi ò yíjú padà. Mo gbọ́ tó gbé fóònù rẹ̀ lórí tábìlì, mo gbọ́ tó tún gbé e kalẹ̀. Ó ní kí n ṣe kíá, ẹ̀rọ ti gbóná.

Ó ti pé oṣù méjì báyìí. Kò sọ nǹkan kan. Ó ṣì ń gbé iṣẹ́ fún mi, ó ṣì ń na fóònù rẹ̀ sí gbogbo ẹni tó bá wọlé pé kí wọ́n wá wo èyí, kí wọ́n wá wo tọ̀hún. Èmi nìkan ni kì í nà án sí mọ́.