Aṣọ Ìyàwó Tó Wọ Àwọ̀ Ẹ̀dọ̀

"Yéè! Mo gbé!"

Ẹnu Ọ̀gá Shao ni igbe yìí ti jáde nígbà tí wọ́n tú aṣọ náà sílẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ sì sáré wá wò ó. Aṣọ tí wọ́n fẹ́ fi rán ìbora ìgbéyàwó fún ọmọbìnrin ọ̀gá ni, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ó yẹ kó pupa fòò. Háà, ṣe ló rí bí ẹ̀dọ̀ ẹran tó ti sùn mọ́jú lórí àtẹ.

"Ẹ̀dọ̀ rèé! Ṣé ẹ̀dọ̀ lọmọ mi fẹ́ fi bora lálẹ́ ìgbéyàwó ni? Cuiping dà?"

Ruan Cuiping ti wà lẹ́yìn wọn. Òun ló yan àwọ̀ náà. Ní Keqiao nílẹ̀ Ṣáínà, níbi tí ilé tí wọ́n ti ń tẹ àwòrán sára aṣọ ti pọ̀ ju ilé oúnjẹ lọ, ojú obìnrin yìí lokìkí rẹ̀. Ọmọ apẹja ni. Ìdí kíká aṣọ ló ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọge, títí di ọjọ́ tó ya aṣọ kan sọ́tọ̀ tí gbogbo ayé ní kò lábùkù. Wọ́n gbé e síta nínú oòrùn, àbùkù sì hàn. Láti ọjọ́ náà ló ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yan àwọ̀, àga yẹn ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́.

Ṣùgbọ́n láti ọdún tuntun ni orí ti ń fọ́ ọ. Tọ́sàn bá ti pọ́n, ojú á máa ta á bíi pé wọ́n da yanrìn sí i, orí á sì máa lù ú kìì láti iwájú dé ìpàkọ́. Ó fi aṣọ gbígbóná lé ojú, ó fi òróró para, ó tún ń tẹ igun ojú bí wọ́n ṣe ń kọ́ gbogbo ọmọdé nílé ìwé lọ́dọ̀ wọn. Òfo ni. Ẹ̀gbọ́n Qiu, tó ń ya òdòdó sáṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nìkan ló sọ fún. Ẹ gbà mí, ta ni yóò sọ fún ọ̀gá pé ojú tí ọ̀gá fi ń jẹun ń ro òun? Àfi ẹni tó fẹ́ padà sídìí kíká aṣọ. Nígbà tó yá, orí náà ṣàdédé fúyẹ́. Ó ní àánú lòun rí gbà.

"Ojú rẹ ti lọ," ni Ọ̀gá Shao wí báyìí. "Gbé ife tíì rẹ, kó o máa lọ káṣọ."

Àbí lóòótọ́ lojú òun ti lọ? Cuiping tún aṣọ náà wò. Lójijì ló pariwo.

"Ọ̀gá, ẹ dúró ná! Tójú mi bá ti lọ, báwo ni mo ṣe ń rí i pé aṣọ yìí burú? Ẹ̀dọ̀ tí ẹ ń rí yìí lèmi náà ń rí!"

Cuiping já aṣọ náà gbà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Pupa tó wà níbẹ̀ rẹwà, kò jọ ti ara aṣọ rárá. Ó wá mú bébà funfun, ó fi wé funfun ojú kọ̀ǹpútà. Funfun ti kọ̀ǹpútà pọ́n bí iyeyè!

"Háà! Ta ló mú kọ̀ǹpútà mi pọ́n báyìí?"

Ẹ̀gbọ́n Qiu ló dáhùn.

"Èmi ni. Tó o bá ti gbórí lé tábìlì sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, màá dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, màá jẹ́ kó pọ́n díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni, kó o má baà fura. Wọ́n ní ó ń tu ojú lára. Mi ò mọ̀ pé á ba àwọ̀ jẹ́, Cuiping. Ẹkún rẹ ni mi ò lè gbà mọ́ra."

Ẹnu ya Cuiping. Àánú tó ń dúpẹ́ lé lórí nìyí! Pípọ́n yẹn ló ń bá jà láìmọ̀, tó ń bu aró sí pupa títí pupa fi di ẹ̀dọ̀. Kò mọ̀ bóyá kóun dì mọ́ obìnrin náà ni tàbí kóun gbá a létí.

"Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ fẹ́ pa mí!" ni ọ̀gá wí.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká má kọ́kọ́ tẹ èyí kékeré wò," ni Cuiping fèsì. "Ẹ ní ìgbéyàwó ti dé tán."

"Ó dáa, ojú rẹ ò lọ. Qiu, dá nǹkan yẹn padà. Cuiping, jókòó, kó o yan pupa mìíràn kíákíá."

Qiu dá a padà. Ìmọ́lẹ̀ funfun gbá Cuiping lójú, oòrùn fèrèsé sì tún kọ mànà lára kọ̀ǹpútà. Ìpàkọ́ rẹ̀ le gan-an lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Rárá o, ọ̀gá." Ọ̀rọ̀ náà ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. "Ìdí ògiri ni mo ń jókòó sí tẹ́lẹ̀, oòrùn kì í débẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé mi wá síbí, kí àpótí gíláàsì tí ẹ fi ń sin ẹja lè ráyè, torí aríran tó wá wo ilé sọ pé ibẹ̀ lọrọ̀ máa gbà wọlé. Ẹ dá mi padà síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí n máa dìde lọ wo odò tó wà níta lóòrèkóòrè, kójú mi lè sinmi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mò ń lọ káṣọ."

"Kí n gbé ẹja oríire mi kúrò? Tó o bá lọ, ta ni yóò wá bá mi wo pupa ọmọ mi?"

"Ẹ ní kí ẹja bá yín wò ó."

Ẹnì kan fi ikọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Cuiping gbé ife rẹ̀, ó kọrí sí àtẹ̀gùn. Ẹ̀rù ń bà á burúkú. Àga tó torí ẹ̀ fi ìrora pamọ́, òun náà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò nídìí ẹ̀ yìí!

Kò tíì sọ̀kalẹ̀ tán tó gbọ́ tí omi dà ṣọ̀ọ̀, tí Qiu sì figbe ta. Ó yíjú padà. Ọ̀gá Shao, tí wọn ò rí i kó gbé ohun tó wúwo ju ife tíì lọ rí, ló gbá àpótí ẹja mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣòkòtò rẹ̀ ti tutù rinrin.

"Ṣé ẹ máa dúró wò mí báyìí ni? Cuiping! Wá gbé apá kejì!"

Omijé bọ́ lójú rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó gbé ife kalẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, ó sì sáré padà lọ.