Moto tí a Wọ̀n Mọ́ Ẹsẹ̀ Mi

Ọjọ́bọ̀ ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òjò ọ̀sán ti dá, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ṣì dúdú, ẹrẹ̀ pupa sì kún ọ̀nà láti Titirou, níbi tí ṣọ́ọ̀bù mi wà, dé Zongo. Mo kọ èyí sínú kayé, ìwé àkọsílẹ̀ mi, kí n tó jáde, nítorí olùkọ́ wa ní kíláàsì alẹ́ ti kọ́ wa pé ẹni tí ó bá fẹ́ rántí nǹkan dáadáa, kí ó kọ́kọ́ kọ ọjọ́, wákàtí àti ojú ọjọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ ayọ̀ ni mo rò pé mo ń kọ.

Aránṣọ ni mí, ọmọ Ṣábẹ̀ tí iṣẹ́ gbé dé Parakou. Láti kékeré ni orúnkún òsì mi kò ti ṣeé ká mọ́. Ọdún kẹta lẹ́yìn òmìnira ni mo bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé àwọn àgbà, mo sì fẹ́ ṣe ìdánwò sẹtifíkà, ìwé-ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Aago márùn-ún ni mo ń ti ṣọ́ọ̀bù, aago mẹ́fà ni olùkọ́ ń ti ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ mi kò sì yá tó bẹ́ẹ̀. Ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta lẹ́ẹ̀mejì; ó kìlọ̀ pé bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, òun yóò pa orúkọ mi rẹ́ kúrò lára àwọn tí yóò ṣe ìdánwò. Moto, ìyẹn alùpùpù, ni ìbá gbà mí. Ṣùgbọ́n moto wo ni ó wà fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò ká?

Ọ̀rẹ́ mi kan, alágbẹ̀dẹ tí ń tún moto ṣe ní Zongo, ni ó dáhùn. Ìjọ kan náà ni a jọ ń lọ. Èmi ni mo rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ọ̀dà tàbí irin dídán ló ń sọ moto di ti ẹnì kan. Ẹ wọn ara yín bí ẹ ti ń wọn oníbàárà, kí ẹ gbé ìwọ̀n náà wá." Mo wọn itan sí orúnkún, orúnkún sí gìgísẹ̀, èjìká sí ọrùn ọwọ́. Mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kọ ọ́ sí ojú ìwé kan nínú kayé, mo sì fà á ya fún un. Òun ni ìwé àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ fún ẹnikẹ́ni. Ó sún irin ìgbẹ́sẹ̀lé òsì síwájú kí ẹsẹ̀ mi lè nà. Ó gbé irin vitẹ́sì, ìyẹn jíà tí à bá máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀, wá sí ọwọ́. Èmi fúnra mi ni mo rán awọ ìjókòó rẹ̀ ní òwú pupa, ìlà méjì-méjì.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ náà, ọjọ́ tí ó ní kí n wá gbé moto mi, oníṣòwò kan tí wọ́n ń pè ní Alàájì ni ó jókòó lórí òwú pupa mi. Èrò yí i ká. Mo dúró lẹ́yìn ọkọ̀ ẹrù kan.

Alàájì ń bèèrè pé, "Kí ló dé tí ẹsẹ̀ mi nà gbọọrọ báyìí, bí ẹni tó sá a sóòrùn?"

Ọ̀rẹ́ mi dáhùn pé, "Bí àwọn ọlọ́lá ṣe ń gùn ún nìyẹn! Ẹni tó bá ká ẹsẹ̀ lórí moto, alágbàṣe ni."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Alàájì ní, "Mo gbọ́ pé o ti ṣèlérí ẹ̀ fún ẹnì kan."

"Arọ kan ní Titirou ni. Á dúró. Níbo ni arọ ń sáré lọ?"

Ní ọdún mẹ́wàá tí a ti mọra, kò pè mí ní arọ rí. Alàájì gbéra, ẹrẹ̀ ń ta lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà náà ni mo jáde.

"Háà, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ti dé? Ẹ má bínú, ẹni ńlá ni, kò ṣeé kọ̀ fún. Mà á ṣe òmíràn fún yín lóṣù tó ń bọ̀."

"Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fún mi ní ìwé ìwọ̀n mi."

Ó wo ilẹ̀. "Alàájì ló mú un lọ. Ó láwọn ọ̀rẹ́ òun méjì náà ń fẹ́ irú ẹ̀."

Nínú iṣẹ́ tiwa, aránṣọ kì í mú ìwọ̀n oníbàárà kan fún ẹlòmíràn. Orúnkún mi ni ó fi tọrẹ, láìbi mí. N kò bá a jà; aago márùn-ún kò ní pẹ́ lù, mo sì ní ọ̀nà láti rìn.

Kí ọyẹ́ tó dé, ọkùnrin mẹ́ta ń gun moto káàkiri Zongo, ẹsẹ̀ òsì wọn nà síwájú, orúnkún wọn sì le koko. Láti ọjọ́ kejì Ọjọ́bọ̀ yẹn, aago mẹ́rin ni mo ń ti ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí kíláàsì. N kò rán aṣọ fún alágbẹ̀dẹ náà mọ́.